Fún Ẹni Tó Ń Bọ̀ Wá Jókòó Sí Àga Mi

Teele, kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ìkòkò òdòdó tó ti kú.
Má dà á nù o. Virve ló gbìn ín,
kò sì tíì gbà pé ó ti kú.

Wákàtí mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ni ìwé àdéhùn wí.
Mo gbìyànjú láti kà á nígbà kan,
mo kà á dé mẹ́tàdínlógún, mo bá dákẹ́.
Owó rẹ̀ á san iná, á ra búrẹ́dì dúdú,
á wá ṣẹ́kù bíńtín fún bàtà òtútù
ní oṣù kẹta, nígbà tí òtútù ti ń palẹ̀ mọ́.

Fèrèsé kọjú sí odò Emajõgi.
Bó bá di oṣù kìíní, omi á le bí òkúta,
àwọn ọmọdé á máa yọ̀ lórí rẹ̀, wọ́n á máa ṣubú, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín.
Wò wọ́n díẹ̀. Èmi máa ń wò wọ́n jù.

Iṣẹ́ náà kò wúwo; ojú ló ń jẹ.
Amòfin á fi àròkọ ránṣẹ́, gígùn bí ojú irin tó lọ sí Tallinn,
kí o máa tọ àkíyèsí ìsàlẹ̀ ìwé lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni ń tu èpò:
ṣé ọdún yìí ni wọ́n dá ẹjọ́ náà lóòótọ́?
Ṣé ojú ìwé tí wọ́n pè náà ń jẹ́ wọn?
Ẹni tó bá búra pé òun ti yẹ tòun wò
ni kí o kọ́kọ́ yẹ tirẹ̀ wò.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ti Salme Kõiv fún ọ.
Oṣù kọkànlá tó kọjá ni, Ọ̀jọ̀gbọ́n Raudsik
kọ̀wé nípa ilé tí a ń háyà.
Àkíyèsí ọ̀kànlélógójì: “obìnrin náà fínnúfíndọ̀ jọ̀wọ́ ilé.”
Ó fa ọ̀rọ̀ náà yọ láti ẹnu adájọ́,
ó fi àmì sí i níwájú, ó fi sí i lẹ́yìn.
Ó mọ́ tónítóní. Mímọ́ rẹ̀ ló kọ mí lóminú.

Mo lọ sí yàrá àkójọ ìwé. Ìdájọ́ náà kò ju ojú ìwé mẹ́ta lọ,
ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àtijọ́ ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, ìdí lẹ́tà kan ti ya.
Ìlà kejìlá: “Ilé ẹjọ́ kò rí ẹ̀rí kankan pé
obìnrin náà fínnúfíndọ̀ jọ̀wọ́ ilé.”
Ibi tí ìlà tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ni Ọ̀jọ̀gbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀dà tirẹ̀.
Bọ́ọ̀sì tó kẹ́yìn ti lọ kí n tó gbé ojú sókè.

A ní ẹyin lọ̀rọ̀, pé bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.
Èyí tí wọ́n bá tẹ̀ sínú ìwé kì í fọ́, Teele.
Ṣe ló ń pa ọmọ.

Mo kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mẹta.
Àkọ́kọ́ gbóná jù. Nínú èkejì mo tọrọ àforíjì
títí ó fi dà bíi pé èmi ni mo lé obìnrin náà síta.
Ẹ̀kẹta nìyí: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo ìlà kejìlá.”

Ọjọ́ mẹ́sàn-án. N kò sùn dáadáa; òun ló máa buwọ́ lu ìwé oyè mi.
Lẹ́yìn náà, ó fèsì: “Mo rí i.”
Kò sí ẹ ṣeun. Àmọ́ ó wó odindi apá kẹta àròkọ náà,
ó tún un mọ láti ìpìlẹ̀, ó sì fi ọ̀sẹ̀ méjì kọjá gbèdéke.
Virve bínú sí mi nítorí gbèdéke yẹn.

Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde. Orúkọ mi kò sí níbẹ̀, tìrẹ náà kò ní sí.
Mo wá Salme nínú ìwé fóònù Valga: Kõiv mẹ́fà, kò sí Salme.
Bóyá ó ti kú. Bóyá ó ti fẹ́ ẹlòmíràn, ó ń gbé nílé ara rẹ̀,
kò sì bìkítà fún ẹnikẹ́ni tó ń ka ìlà.

Ó kù díẹ̀. Bíìrò pupa ń jò; fi bébà wé e.
Wàrà inú fíríìjì, ti Virve ni.
Bí o bá rí kọ́mà tí kò dá ọ lójú, fi sílẹ̀ di àárọ̀.
Bí o bá rí ìfàyọ tó mọ́ jù,
wọ bàtà rẹ.