Orúkọ Mi Lẹ́nu Abíọ́nà

Kàfánṣán ni wọ́n bí i sí, nínú ọkọ̀ ojú irin,
lọ́dún tí bàbá wa kẹ́rù kúrò l'Ógbómọ̀ṣọ́
láti wá wa mọ́tò fún òyìnbó oníkùsà.
Nígbà tí iléeṣẹ́ kógbá sílé,
ìbọn ẹlẹ́nu méjì ni wọ́n fi san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀.
Ìdí ìbọn náà ti sán. Wáyà la fi dì í.

Ní Bùkúrù, létí kòtò tí wọ́n gbẹ́ tí wọn ò dí,
èmi ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́.
Màá sọ̀ sísàlẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ìkòkò,
àfọ́kù páànù, ìgbẹ́ màlúù tó ti gbẹ pẹrẹsẹ.
Abíọ́nà á fẹ̀rẹ̀kẹ́ tìdí ìbọn lókè,
á ké: "Gbádé!"
Màá jù ú.
Mi ò rí i kó yìnbọn rí:
ohùn rẹ̀ nìkan, lẹ́yìn náà èérún
tó ń rọ̀ sí mi lọ́rùn.
Ìyá wa ní ta ni yóò fẹ́ obìnrin
tí èjìká rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò.

Àwọn ṣọ́jà Kàdúná ló fún un ní ìbọn gidi.
Ọdún mẹ́rìnlá ló fi ń fọ́ àwo amọ̀
nínú ọyẹ́ tí kì í jẹ́ kéèyàn rí ọwọ́ ara rẹ̀.
Ó ta máṣìnnì ìránṣọ ìyá wa, ó fi ra ọta;
Kérésì méjì kọjá kí wọ́n tó kí ara wọn.

Ọjọ́ Òlíńpíìkì, ṣọ́ọ̀bù Gyang la ti wò ó,
torí òun ló ní jẹnẹrétọ̀.
Àwọn yòókù ń ké "Púùlù!" sí ẹ̀rọ inú kòtò.
Ẹ̀rọ ò gbédè, ohùn ló ń gbọ́.
Abíọ́nà fẹ̀rẹ̀kẹ́ tì í,
ó ké: "Gbádé!"
Àwo aláwọ̀ ọsàn fò.
Gyang yíjú sí mi. Tíì mi di tútù.
Ìgbà márùndínláàádóje ló pè mí lójú ayé.
Ọ̀kàndínlọ́gọ́fà fọ́.
Ọgọ́fà ni wọ́n fi wọ àṣekágbá.

Ní pápákọ̀ òfurufú Àbújá, kò sẹ́ni tó wá pàdé rẹ̀
àfi kọ́sítọ́ọ̀mù, tó gba ìbọn náà fọ́sẹ̀ mẹ́ta.

Àwọn ọmọ ọlọ́pàá ló ń kọ́ báyìí ní Kúbwà.
Ojú òsì rẹ̀ ti ń funfun.
Lóṣù tó kọjá, ó wá sí Bùkúrù.
Omi ti kún kòtò wa, wọ́n ń sin ẹja níbẹ̀.
Ó dúró létí rẹ̀, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́,
ó tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí afẹ́fẹ́,
ó pe orúkọ mi.
Mi ò ní àwo.
Mo ṣí fìlà mi, mo jù ú.
Ó fojú bá a lọ títí ó fi kanmi.
Ó ní, "Ó fọ́."