Ihò Ojú Abẹ́rẹ́

Ní Punta Arenas, wọ́n ta okùn sí ẹ̀gbẹ́ títì
kí àgbàlagbà lè rí nǹkan dì mú bí afẹ́fẹ́ bá dé.
Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kì í kanlẹ̀kùn kó tó wọlé.
Ó ti gba fìlà mi lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí,
ó gba páànù orí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́ẹ̀kan.

Àárọ̀ Tọ́sìdeè ni Nolfa gbé mọ́tò rẹ̀ dé,
Toyota tó fi ń pín búrẹ́dì kiri,
iná iwájú kan fọ́, òórùn ìyẹ̀fun gba inú rẹ̀ kan.
Ó fa bíréèkì ọwọ́, ó sọ̀ kalẹ̀.
Kò sẹ́ni tó tẹ iná fún un, ẹ́ńjìnnì ń ké
bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ láti ẹ̀yìn odi.
Ìgbà ẹgbẹ̀rún méjì ló ń yí ní ìṣẹ́jú kan,
lórí ìdúró lásán.

"Ẹni àkọ́kọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì," ó ní.
"Ẹnì kejì yí síkúrúù, ó gbowó, ó ní ó tán.
Ẹnì kẹta ní kí n lọ ra ẹ́ńjìnnì mìíràn.
Bíréèkì wá le lẹ́sẹ̀ mi bí òkúta."

Eleuterio, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ò dá a lóhùn.
Etí rẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀ láti èṣí.
Ó na rọ́bà gígùn kan sí mi, irú èyí tí wọ́n fi ń bomi rin ọgbà:
"Ìwọ ni etí lónìí. Ki orí kan bọ etí rẹ, fi ìkejì wá olè."

Nítorí olè ni.
Ẹ́ńjìnnì ní ẹnu kan tó yẹ kó máa fi mí,
ẹnu tí a ṣí níwọ̀n, tí a ń ka ohun tó ń gbà á wọlé.
Wọ́n ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́.
Aláǹgbá ò wọ́pọ̀ nínú òtútù wa.
Afẹ́fẹ́ ni tiwa.

Mo gbọ́ fíííì: abẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù ni.
Mo gbọ́ wùùù: fáànù ni.
Mo gbọ́ ẹ̀jẹ̀ ara mi.
Nolfa wo aago; búrẹ́dì ogójì ń tutù ní búùtù.

Mo fi púláyà fún rọ́bà bíréèkì lọ́rùn. Kò sí ìyàtọ̀.
Mo fún ìkejì, mo fún ìkẹta. Ó ń ké lọ.
Mo nawọ́ sí agolo tó ń tú epo, ó gbá mi lọ́wọ́.
(Irun ojú rẹ̀ apá ọ̀tún ò hù mọ́
láti ọjọ́ tí irú agolo bẹ́ẹ̀ gbiná mọ́ ọn lójú.)
"Omi," ó ní. Omi lásán,
nínú ìgò tí ìyàwó rẹ̀ fi ń wọ́n òdòdó.
Mo wọ́n ọn sí gásíkẹ́ẹ̀tì, kò fèsì.
Mo wọ́n ọn sẹ́yìn, nísàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ àgbà ò lè dé mọ́,
níbi tí rọ́bà kan ti ṣẹ́ kọrọdọ bí ìgúnpá —

ẹ́ńjìnnì húkọ́.

Mo tún wọ́n ọn. Ó tún húkọ́, ohùn rẹ̀ wálẹ̀.
Eleuterio ò gbọ́; ojú mi ló kà.

Rọ́bà náà ò nípọn ju ìka ọmọdé lọ.
Òkè rẹ̀ ń dán. Òkè rẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yẹn wò.
Mo tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn, ó lanu lábẹ́,
ihò kan bí ojú abẹ́rẹ́,
ó ti fi í mu afẹ́fẹ́ gbogbo ìlú.

A gé tuntun, a dì í lọ́rùn méjèèjì.
Ó dá síkúrúù alábọ́ọ́dé padà sáyè rẹ̀.
Ọwọ́ aago sọ̀ kalẹ̀, ẹgbẹ̀fà, ẹgbẹ̀rún,
ó bà sí àádọ́ta dín lẹ́gbẹ̀rin.
Ó jókòó síbẹ̀.

"Ó ti kú ni?" Eleuterio bi mí.
Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rù mọ́tò.
Mo mú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, mo fi lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó sì dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́, pẹ́,
títí Nolfa fi bọ́ búrẹ́dì méjì sórí tábìlì wa.

Lábẹ́ ilẹ̀kùn, fíííì.
Èmi nìkan ni mo gbọ́.