Ilẹ̀kùn Mọ́kànlélógójì

Mo ka àwọn ilẹ̀kùn tí mo ti ṣe ní Ìjẹ̀bú-Igbó,
ó jẹ́ mọ́kànlélógójì.
Mi ò ka ti ilé ìwé, mi ò ka ti ṣọ́ọ̀ṣì kan l'Ókè-Àgbò
tí wọ́n ṣì jẹ mí lówó hínjì.
Ti àwọn ọmọ ìlú tó wà lẹ́yìn odi ni mo kà,
àwọn tó kọ́lé sílé kí ẹnikẹ́ni má baà bi wọ́n
pé, "Lágbájá, níbo lo wọ̀ sí?"

Ilé alájà mẹ́ta, fèrèsé bíi ti báńkì.
Alángbá ló ń gbé òkè.
Nísàlẹ̀, Sàídù ọmọ Kẹ́bí tó ń ṣọ́ géètì
ti gbin ẹ̀fọ́ síbi tí wọ́n ní mọ́tò yóò máa sùn.
Bó bá di oṣù Kejìlá, wọ́n á fi kọ́kọ́rọ́ bá ihò rẹ̀ jà,
wọ́n á pè mí: "Káfíńtà, ilẹ̀kùn rẹ ti há."
Kò há. Ó gbàgbé yín ni.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́, Ọnàsànyà, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀.
Bí mo bá fi ìfági fá iwájú pákó,
tí mo fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ní ṣákaṣàka,
á fọwọ́ pa á, ẹ̀gún igi á gún un,
á gbé ìka náà sójú mi.
Mo ní, "Ọ̀gá, ògiri ni yóò kọ ẹ̀yìn sí."
Ó ní, "Ògiri tí ẹ ní ó létí,
ta ló sọ fún ẹ pé ó fọ́jú?"

Nígbà yẹn, ṣọ́ọ̀kì mi kì í gbélẹ̀.
Mo kọ ọ́ sára àjẹkù pákó afàrà, lẹ́tà gàdàgbà:
ODÙNÚGÀ ÀTI ÀWỌN ỌMỌ RẸ̀, ONÍṢẸ́ IGI KÁRÍAYÉ.
Mi ò tíì fẹ́yàwó. Mi ò tíì dé Ṣágámù.
Òjò kan rọ̀ lóru, ó fọ ọmọ lọ, ó fọ ayé lọ,
ó ku Odùnúgà, ó ku igi.
Mo ṣépè fún òjò náà.
Bí mo bá tún rí i lónìí, n ó kí i.

Ilẹ̀kùn kẹtàdínlógún, ìrókò ni, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin gbáko ní ìbú.
Olówó rẹ̀ ní òun fẹ́ máa wọlé láì ká agbádá òun.
Ọjọ́ tí a ṣí i kan ògiri, ó wọlé lóòótọ́,
ènìyàn mẹ́fà ló gbé e.
Pósí náà kò kan férémù níhìn-ín, kò kan án lọ́hùn-ún.
Àwọn ènìyàn ń sunkún. Èmi ń wo àlàfo.
Kí Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn sí ìwọ̀n mi.

Ti Ìyá Mọrẹ́nikẹ́ tó ń yan ẹja ní Àtìkorí,
mi ò kà á mọ́ wọn. Yàrá kan, igi arẹrẹ tí kò níyì,
oṣù mẹ́jọ ló fi san án, owó tó ń run ẹja.
Ẹ lọ wo ọwọ́ ilẹ̀kùn yẹn, ó ń dán bí eyín ọmọdé.
Àwọn ọmọ ti fi ìṣó fa ìlà sára férémù, ọdún kan, ìlà kan,
èyí tó kẹ́yìn ga jù mí lọ.

Ọmọ mi Kọ̀yà fi fóònù hàn mí:
ilẹ̀kùn tó ti òkè òkun dé nínú páálí,
lẹ́búlẹ́bú igi tí wọ́n fi gọ́ọ̀mù pò, tí wọ́n kùn bí ìyàwó.
"Bàbá, wákàtí kan, ó ti dúró."
Mo ní, "Bí òjò Agẹmọ bá rọ̀ ńkọ́?"
Ó ní, "Wọ́n á ra òmíràn."
Mo wá èsì títí.
Òun náà gbọ́dọ̀ jẹun, ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílé ìwé.

Wọ́n ní ọnà a máa san ìyà, orúkọ ọ̀gá mi ló wí bẹ́ẹ̀.
Páànù ni ilẹ̀kùn tirẹ̀ títí ó fi kú.
Mo débẹ̀ lẹ́yìn ìsìnkú, mo fọwọ́ tọ́ páànù náà:
ó ti fi fáìlì rin gbogbo etí rẹ̀ yíká,
kí ó má baà ge ẹnikẹ́ni lọ́wọ́.

Iná ti dé. Ẹ̀rọ ìlagi ti ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò.
Kejìlélógójì wà níwájú mi, ọ̀gànwó,
ti ẹnìkan tó wà ní Kánádà.
Mo dojú rẹ̀ délẹ̀, mo ń wá ìfági mi.