Yàrá Òkùnkùn ní Ìjẹ̀mọ̀

Wòlíì ṣubú lulẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi kan ní Ìgbẹ̀ìn,
aṣọ funfun rẹ̀ kó eruku,
ó ní, "Mo rí òkúta ńlá kan, mo rí odò,
mo rí obìnrin kan tó fi nǹkan pamọ́."
Ìjọ ké Halelúyà.
Èmi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo yọjú lójú fèrèsé:
òkúta rèé, odò Ògùn rèé nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.
Ní Abẹ́òkúta, ta ni kì í rí òkúta?
Obìnrin wo ni kò sì fi nǹkan pamọ́?

Ìfihàn ni wọ́n ń pè é.
Ìwé tó gbẹ̀yìn Bíbélì náà ń jẹ́ bẹ́ẹ̀,
ìwé tí bàbá mi kì í jẹ́ ká kà lálẹ́
nítorí àwọn ẹranko inú rẹ̀.
Àfáà Gbàdàmọ́sí tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa
ní inú ihò àpáta ni ìmísí ti bá Ànábì,
ẹ̀rù bà á, ó sáré wálé,
ó ní, "Ẹ daṣọ bò mí, ẹ daṣọ bò mí."
Ó yà mí lẹ́nu: ẹni tí ọ̀run ṣí sílẹ̀ fún,
aṣọ ló kọ́kọ́ béèrè.

Àwa náà ńkọ́? Abẹ́ òkúta làwọn baba wa sá sí,
ìfarapamọ́ la fi sọ ìlú lórúkọ.
Tí a bá sì kúnlẹ̀ láàárọ̀, ẹnu kan náà ni:
"Olúwa, fi hàn wá."
Ká tó dìde: "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kí àṣírí wa tú."
N kò mọ èyí tí Ọlọ́run ń ṣe Àmín sí.

Bàbá mi kì í bá wọn dá sí i. Fọ́tò ló ń yà.
Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀mọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń tún sítóòfù ṣe;
ẹ̀yìn kọ́tìnnì ni yàrá òkùnkùn wà:
gílóòbù pupa kan, abọ́ mẹ́ta,
òórùn tó kan bí omi ògì ọjọ́ mẹ́ta.
Á ki bébà funfun bọ omi, á mì ín jẹ́jẹ́,
á ní, "Má mí síbẹ̀."
Bébà á ṣe bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.
Ìgbà tó yá, ìpéǹpéjú. Ilà ẹ̀rẹ̀kẹ́. Etí gèlè.
Gbogbo ojú á wá gòkè wá
bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ara rẹ̀.
Lọ́jọ́ tí mo ṣílẹ̀kùn lójijì,
gbogbo fọ́tò ìgbéyàwó ilé Ṣówẹ̀mímọ́ dúdú bí èédú.
Kò nà mí. Ó ní,
"Ìmọ́lẹ̀ tó bá tètè dé, ojú ló ń fọ́."

Lẹ́yìn ìsìnkú rẹ̀, mo rí fíìmù kan nínú páálí mílíìkì,
èyí tí kò fọ̀ rí.
Mo gbé e sójú oòrùn. Funfun di dúdú, dúdú di funfun:
obìnrin kan jókòó, eyín rẹ̀ dúdú,
irun rẹ̀ funfun bí ti arúgbó,
ọmọ ọwọ́ kan lórí itan rẹ̀.
Ìyá mi ń ṣa ẹ̀wà lọ́wọ́.
Mo ní, "Màmá, ṣé èmi rèé?"
Ààrá kò sán, ẹnikẹ́ni kò ṣubú lulẹ̀.
Ó ju òkúta ẹ̀wà kan nù.
"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni. Oṣù mẹ́rìnlá ló lò."
Ó tún ṣa méjì sí i kó tó wojú mi:
"Àbí o ò gbọ́ orúkọ ara ẹ rí ni?"

Rẹ̀mílẹ́kún.
Wọ́n ti ń pè é sí mi létí láti ọjọ́ kẹjọ,
ní títì, ní kíláàsì, nídìí ẹ̀rọ omi;
mo ń jẹ́ ẹ, mo ń dáhùn, n kò béèrè
ẹkún wo.

Mo dá fíìmù náà padà sínú páálí.
Mo bò ó.