Ọ̀rinrin Ló Ń Mú Un Gbẹ

Oje igi yìí kì í gbẹ lójú oòrùn.
Sá a síta, á máa wò ọ́ bí ojú ẹni tó sunkún sùn.
Yàrá abẹ́ ilẹ̀ ló fẹ́, ẹ̀gbẹ́ aṣọ tó rin gbindin:
ọ̀rinrin Hánóì ló ń mú un gbẹ.
Bàbá mi, Khoat, ló kọ́ mi,
ẹni tí oje jẹ lápá títí apá fi mọ oje lójú.

Nígbà tí àwọn Faransé dá ilé-ẹ̀kọ́ àwòrán sílẹ̀,
kánfáàsì ni wọ́n kó wọ̀lú, àti ọ̀dà olóròóró,
àti ère obìnrin tí kò lọ́wọ́, tí wọ́n ní òun ni arẹwà.
Khoat kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀. Ó ń gbálẹ̀ ni.
Ṣùgbọ́n nílé baba rẹ̀, oje ni wọ́n fi ń kùn àga òrìṣà,
pupa, dúdú, pupa, dúdú.
Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Doan, bá a nídìí igbá oje lálẹ́ ọjọ́ kan.
Ó ní, “Ǹjẹ́ èyí lè gbé ojú ènìyàn?”
“Ó gbé ti òrìṣà. Ta ni ènìyàn?”

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.
Ìpele mẹ́wàá, wọ́n á bo àwòrán mọ́lẹ̀ bí ẹní sin òkú,
wọ́n á wá fi omi àti èédú fá a
títí ohun tí wọ́n sin yóò fi yọjú.
Kíkùn kọ́ niṣẹ́. Fífá niṣẹ́.

Ogun dé, ilé-ẹ̀kọ́ wọ igbó.
Wọ́n ní ká ya oko ìrẹsì, ká ya ọmọ ogun, ká fi òṣùpá sílẹ̀.
Doan ya òṣùpá.
Ọdún mọ́kàndínlógún, kò sí ògiri tó gbà á.
Ó fi san gbèsè kọfí lẹ́yìn ọjà ẹja;
oníkọfí fi dí ibi tí òrùlé ti ń jò.

Òní, olówó ti Síngápọ̀ wá, ó ń béèrè iye.
Pákó náà ló wà níwájú mi yìí,
èéfín kọfí dì mọ́ ọn lára.
Mo rọ omi. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ yí i, yí i.
Èèpo ẹyin pẹ́pẹ́yẹ kọ́kọ́ yọ, funfun.
Lábẹ́ rẹ̀, wúrà.
Lábẹ́ wúrà (n kò retí èyí)
ọkùnrin kan tí kò ga ju èékánná mi lọ,
ó di ìgbálẹ̀ mú.

Bàbá kò sọ ọ́ rí.
Bóyá kò mọ̀.

Mo gbọ́wọ́ kúrò.
Bí mo bá tún fá a lẹ́ẹ̀kan péré, á lọ.