Ọ̀dà Funfun

Ọjọ́bọ̀ la fi ọṣẹ àti kànìnkànìn wọ ilé bàbá wa lÓkè-Àgùnlá,
èmi àti Tinúadé, a ká ìró sórúnkún bí ẹni tó fẹ́ la odò kọjá.
Mẹ́rin nínú wa wà lókè òkun; orí fóònù ni wọ́n ti fọwọ́ sí i.
Wọ́n ní imú ni oníbàárà kọ́kọ́ fi ń ra ilé,
nítorí náà a gbé àga Bàbá síta kí òórùn róòbù lè kúrò lára rẹ̀,
a fọ èéfín ọgbọ̀n ọdún lára ògiri ilé ìdáná,
omi tó ń ṣàn jáde dúdú bí omi aró.
Tinúadé ní, "Ṣé o rí Màámi tó ń ṣàn lọ yìí?"
Mi ò dáhùn. Mo tún bu omi sí i.

Bọ̀sún ejẹ́ńtì wọlé tòun ti bàtà,
ó ń ka ihò ara sílíìnì bí ẹni ń ka owó.
"Ẹ yọ fọ́tò wọ̀nyí. Olówó ò fẹ́ kí òkú máa wo òun.
Igi ọsàn yẹn, ẹ gé e. Ṣé kò sí sàréè nílé yìí?"
Mo ní kò sí; ilẹ̀ ìsìnkú ìjọ ni wọ́n wà.
Ó mí kanlẹ̀, ó fi ogún ọ̀kẹ́ lé iye tó kọ tẹ́lẹ̀.
N kò sọ fún un pé ìwọ́ àwa mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà nídìí ọsàn náà.
Kò kúkú bi mí léèrè ìwọ́.

Ṣùgbọ́n ògiri iwájú ni ẹjọ́ wà.
Lọ́dún tí Bùròdá Akínṣọlá, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá,
gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ ará Iléṣà kan lórí ilé tí kì í ṣe tirẹ̀,
Bàbá fúnra rẹ̀ gun àkàbà pẹ̀lú garawa kóòtá,
ó fi kùkùté ìgbálẹ̀ kọ ọ́, lẹ́tà gbàgàdà gbàgàdà:
ILÉ YÌÍ KÌ Í ṢE TÍTÀ.
Ògiri tán kí ọ̀rọ̀ tó tán,
ni À bá fẹ̀yìn ti fèrèsé.

Akínfẹ́nwá kùn ún lẹ́ẹ̀kan. Oòrùn sá a, ó yọ.
Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kejì. Ó tún yọ, ó pọ́n rúsúrúsú,
bí ẹ̀jẹ̀ lábẹ́ báńdéèjì.
"Kóòtá ò gbọ́ ti funfun, àǹtí."
Ọ̀dà ti ń tán lọ nínú agolo,
owó ọwọ́ wa ò sì tó ra òmíràn.
Ó wo ògiri, ó wò mí, ó nu òógùn.
"Ẹ jẹ́ ká má fi ọ̀dà ṣòfò. Àárín nìkan ni n ó pa rẹ́."
Kí n tó mọ ohun tó ń wí, ó ti fi ọ̀bẹ ha á,
ó ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ. KÌ lọ. Í lọ. ṢE tẹ̀lé wọn.
Ó ku ILÉ YÌÍ, àlàfo tí màlúù méjì lè gbà kọjá,
lẹ́yìn náà, TÍTÀ.

Tinúadé rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.
Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ ìkọ̀wé Bàbá ni, ta ló máa sẹ́ ẹ?
T rẹ̀ tó máa ń dà bí àgbélébùú,
À rẹ̀ tó ya ẹsẹ̀ bí ẹni tó dúró de ìjà.
A ò purọ́ mọ́ ọn. A kàn gba díẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ ni.

Lálẹ́, nígbà tí NẸ́PÀ mú iná lọ, mo jáde pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì
láti wò ó bóyá ó ti gbẹ.
Ọ̀dà ṣì tutù. Mo fi ìka kan ibi tí ọ̀rọ̀ ti kúrò,
ìka mi wọlé, ihò kékeré kan ṣẹ́ kù síbẹ̀.
Mo lè dí i. Búrọ́ọ̀ṣì wà létí kànga.
Àárọ̀ Sátidé ni olówó ń bọ̀ láti Àkúrẹ́.
Mo pa tọ́ọ̀ṣì, mo wọlé lọ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀,
nínú yàrá tí ohùn ẹnì kan
ti ń dún bí ohùn ẹni méjì.