Fáìlì Tí Kò Léyín

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń gé irin ní Láfẹ́ńwá,
níbi tí ife tíì ti máa ń gbọ̀n lórí tábìlì
bí ọkọ̀ ojú irin bá ń kọjá.
Fáìlì tí mo mọ̀ léyín.
Ó ti jẹ àtàǹpàkò òsì mi rí.
Èyí tí Ìbídùnní, ọmọ àbúrò mi, fi hàn mí kò léyín.
"Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá."
Mo tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí.
Inú rẹ̀ funfun bí ògiri tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn.

Mo fa ìlà, ó wọ́.
Ó ní kí n so iye mọ́ ọn: ogójì mìlímítà.
Ìlà gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, ó nà tán.
Ó ní kí n yí i po.
Ọ̀pá dìde, ó láwọ̀ eérú,
ọ̀pá tí n kò gé, tí n kò gbé, tí n kò da òróró sí.
Mo nawọ́ sí i.
"Gíláàsì ni, Bàbá."
Eku kékeré wà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi,
ó ń gbọ̀n bí ẹni tó mọ̀ pé ọdẹ ló mú òun.

Irin tí ń rin ẹ̀gẹ́ la fẹ́ yà,
irú èyí tí ọ̀gá mi, Lámídì Ṣónẹ́yẹ, fi sílẹ̀ fún mi,
tí mo ti ṣe ránṣẹ́ sí Ọ̀dẹ̀dá, sí Òṣíẹ̀lẹ̀, sí Ìmàlà.
Gbogbo wọn ló ń ké.
Àwọn oníbàárà ti gbà pé ohùn wọn nìyẹn.

Mo fi kalípà wọn ọ̀pá, búṣì, àwo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.
Bóòtù, ẹyọ kan ni mo yà;
ó ní kí n pe méje yòókù, wọ́n jáde.
Ká ní owó mi ń gbọ́ irú ìpè bẹ́ẹ̀!

A wá ní kí wọ́n pàdé.
Àwo gbà. Bóòtù gbà.
Ọ̀pá dé ẹnu búṣì, ibẹ̀ pọ́n,
bí ẹyinjú ẹni tí kò sùn.
"Wọ́n wọnú ara wọn ni. Ihò yìí fi mìlímítà méjì yẹ̀."
Mo ní kọ̀ǹpútà ló purọ́.
Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo tún un wọ̀n.
Méjì.

Mo rántí ọ̀gá mi lórí garawa rẹ̀ nírọ̀lẹ́,
tó ń fi fáìlì ha ẹnu ihò náà,
tó ń wí pé, "Irin a máa lágídí. Ẹ̀bẹ̀ la máa ń bẹ̀ ẹ́."
Irin kò lágídí.
Àwòṣe pákó tó gé lọ́dún tí mo wọṣẹ́ ló wọ́,
a sì fi gbogbo ọdún wọ̀nyí bẹ ẹni tí kò ṣẹ̀ wá.
N kò bínú sí i.
Ọwọ́ tó fi ń bo àṣìṣe náà ló fi kọ́ mi níṣẹ́.

Ìbídùnní sún ihò padà. Pupa lọ.
Ó fi ọ̀pá ogójì sínú ihò ogójì géérégé,
ó ń rẹ́rìn-ín.
Mo ní, ọmọ mi, ogójì kì í wọ ogójì.
Nínú gíláàsì rẹ yìí kò sí oòrùn;
lóde níbí, irin a máa wú.
Fún un láyè tí irun orí kan lè gbà.
Irun tìrẹ o, tèmi ti le jù.
Ó wò mí. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, Ìyá Dàpọ̀ pè mí láti Ìmàlà:
"Ẹ̀rọ yín tuntun yìí kò ké. Ṣé kò tíì bàjẹ́?"
Mo ní kó gbé fóònù sún mọ́ ọn.
N kò gbọ́ ẹ̀rọ.
Ẹ̀gẹ́ ni mo gbọ́, tó ń bọ́ sínú ọpọ́n,
àti àkùkọ kan lókèèrè.